Ọkọ̀ Dísù Tí Kò Fẹ́ Ìrìn Kúkúrú

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ọkọ̀ náà kí ó tó di tèmi. Ìbàdàn ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń gbé e lọ sí Àbújá àti Kánò lóòrèkóòrè. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ ọ̀hún, aláwọ̀ eérú, ó gùn bí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú, epo dísù ló sì ń mu. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì, tí dókítà sì ní kí ó dín ìrìn kù, ó wa ọkọ̀ náà wá sí Osi fúnra rẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi ní ojúde ilé wa, ó ní, "Àbúrò, ọkọ̀ rẹ nìyí. Ó lágbára, kì í mu epo jù, kò sì ní ìjọ̀gbọ̀n kankan."

Mo gbà á gbọ́. Ta ni kì í gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́?

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Osi. Ọkọ mi ti lọ, àwọn ọmọ mi ti tú ká lọ sí ìlú ńlá, èmi àti màámi nìkan la jọ ń gbé. Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Garí ni ó yan tó fi tọ́ wa, èéfín ibi ìyangarí tó fà símú fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sì tíì jáde nínú rẹ̀ tán. Bí èéfín díẹ̀ bá ti fẹ́ kọjá, ikọ́ dé nìyẹn.

Ìlú wa kò tóbi. Bí mo bá tan rédíò ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa láàárọ̀, orin kan ṣoṣo kò ní í parí tí n ó fi dé ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo lè gbé iṣu lọ fún ẹnì kan ní òdìkejì ìlú, tàbí kí n gbé màámi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì ni. A lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì o, àmọ́ ta ló ń ní ọkọ̀ tó tún ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Bí mo ṣe ń lò ó nìyẹn: mo ń ṣáná sí i, mo ń pa á, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó móoru rárá, ó ti ń sinmi. Mo rò pé mo ń kẹ́ ẹ ni. Lójú tèmi, ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà jíjìn ló máa ń tètè gbó.

Kò pẹ́ tí iná kékeré kan fi yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọ̀ rẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n, àwòrán rẹ̀ bí agolo kékeré tí wọ́n da ìyẹ̀fun sínú rẹ̀. Mo wò ó, òun náà wò mí. Ọkọ̀ ń rìn, ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa. Mo gbé ìwé orin mi tì í lójú, mo sì ń bá tèmi lọ.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yíwọ́, ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo kó. Ìsìn ìdúpẹ́ kan là ń lọ ní Òkè-Ọ̀pin. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kan lójú ọ̀nà, ọkọ̀ mí kanlẹ̀, gbogbo agbára rẹ̀ sì lọ. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ títí kò sí ibi tí mo tún lè tẹ̀ ẹ́ dé, ọkọ̀ kò yí ìrìn padà. Kò kú o, ó kàn ń wọ́ lọ bí ẹni tó ń tẹ̀lé pósí. Iná mìíràn tún tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ọlọ́kadà kan tó gbé èrò méjì pẹ̀lú ewúrẹ́ kan kọjá lára wa, ewúrẹ́ náà sì yí orí padà wò wá.

Ìyá tó ń ṣáájú orin fún wa fi ọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn. "Olùkọ́, ṣé kí a sọ̀ kalẹ̀ kí a tì í ni?"

"Kò tíì dà bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí a kọrin fún un."

Wọ́n sì kọrin. Orin la fi gun òkè náà tán, ẹsẹ orin lórí ẹsẹ orin. Nígbà tí a ó fi dé ibi ìsìn, wọ́n ti ń ka ẹ̀kọ́ kejì, gbogbo ìjọ sì yíjú wò wá bí a ṣe ń wọlé, tí òógùn ti bo ojú wa bí ẹni pé àwa gan-an la gbé ọkọ̀ wá.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìlọfà. Ọkùnrin tínńrín kan ni, súfèé ló fi ń ṣiṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí súfèé bá ṣì ń dún, fọkàn balẹ̀. Bó bá dákẹ́, múra sílẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ mi lọ, súfèé sì dákẹ́.

"Màmá tíṣà, asẹ́ yín ló dí."

"Asẹ́ wo?"

Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Agolo irin ńlá kan wà lójú páìpù tí èéfín ń gbà, kí ó tó kan sàlẹ́ńsà. Ó fi ìka lù ú. "Inú agolo yìí, asẹ́ ló wà níbẹ̀. Òun ló ń gba èérí dúdú inú èéfín dúró, kí èyí tó ń jáde síta lè mọ́. Èérí yẹn ti kún un dẹ́nu. Èéfín kò rí ọ̀nà jáde, ni ọkọ̀ ò fi lè mí."

"Kí la ó wá ṣe sí i?"

"A ó gé e dànù. Wẹ́dà wà níbí. A ó fi páìpù lásán dípò rẹ̀, a ó wá ẹni tí yóò fi kọ̀ǹpútà tan ọkọ̀ jẹ pé asẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń gé e, mà. Nǹkan òyìnbó ni. Níbí, ta ló ń yẹ èéfín wò?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo ti fẹ́ ní kí ó pe wẹ́dà wá. Màámi, tó bá mi wá, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ ẹ̀pà. Bẹ́ẹ̀ ni típà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ṣáná, èéfín dúdú kìjikìji tú jáde ní ìdí rẹ̀, ó sì rọ́ lọ tààrà sí abẹ́ máńgòrò náà. A ò tiẹ̀ rí màámi mọ́, ikọ́ rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Ó wúkọ́ títí omijé fi ń dà lójú rẹ̀. Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ló sáré bu omi wá, ó sì ń fẹ́ ẹ pẹ̀lú páálí.

Nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ balẹ̀, ó bi mẹkáníìkì náà pé, "Ọkọ̀ yẹn, ṣé wọ́n ti gé tirẹ̀ ni?"

"Màmá àgbà, ìyẹn ò tiẹ̀ ní rí láyé rẹ̀."

"Bí ẹ bá gé ti ọmọ mi, ṣé bí yóò ti máa ṣe nìyẹn?"

Kò purọ́ fún un. "Kò ní í pọ̀ tó yẹn, mà. Ṣùgbọ́n yóò máa rú èéfín."

"Ẹ má gé e nígbà náà. Èmi ni mò ń jókòó sínú rẹ̀. Ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo ròyìn òkè, mo ròyìn iná, mo ròyìn asẹ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Ìwọ yìí! O ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Asẹ́ yẹn, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Bó bá ti ń sáré lójú ọ̀nà jíjìn láìdúró, asẹ́ á gbóná janjan, á sì jó èérí inú rẹ̀ di eérú. Ìdí nìyẹn tí iná yẹn kò fi yọ sí mi rí nígbà tí mò ń lọ Àbújá. Ní Osi ńkọ́? Kí ó tó gbóná, o ti pa á."

"Ẹ sọ fún mi pé kò ní ìjọ̀gbọ̀n kankan."

"Kò ní. Ìwọ lo ní."

Mẹkáníìkì gba fóònù lọ́wọ́ mi, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òmù-Àrán, tó ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ láti fi mọ ohun tó ń dùn ún. Ẹ̀rọ náà fi hàn pé asẹ́ kún, àmọ́ kò tíì kún kọjá àtúnṣe. Wọ́n yí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì padà sí irú èyí tó bá ọkọ̀ alásẹ́ mu, nítorí ọ́ìlì tí mo ti ń rọ sí i, bí mo ṣe bá a lójú ọ̀nà ni, òun pàápàá ń dá kún èérí. Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi nípa dísù inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Mẹkáníìkì wá sọ pé, "Ó kù sí yín lọ́wọ́, mà. Ẹ máa sáré. Bí ẹ bá ti gbóòórùn bí irin gbígbóná, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má dúró, ẹ má pa á, títí yóò fi parí."

Bí èmi, olùkọ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣe di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ pé kí ó sáré nìyẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, màámi wé gèlè, ó jókòó síwájú, ó gbé ike omi lé itan. Ọ̀nà Òmù-Àrán la forí lé. Níbi tí títì bá ti bàjẹ́, mo ń fi sùúrù yọ́ kọjá; níbi tó bá ti dán, mo ń jẹ́ kí ọkọ̀ na ẹsẹ̀ rẹ̀. Igi ń sá lọ sẹ́yìn, oko àgbàdo ń sá lọ, ebè iṣu ń sá lọ.

"Ṣé a ti ń fọ̀ ọ́ báyìí?" màámi bèèrè.

"Kò tíì, màámi."

Ó mu omi díẹ̀. "Báyìí ńkọ́?"

"Kò tíì."

Ìgbà tó yá, òórùn kan wọlé, bí òórùn agbada garí tí wọ́n gbé ka iná tí wọn kò tíì da nǹkan sí. Màámi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ti jókòó ti agbada fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó fà á símú, ó ní, "Ó ti mú uná." Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń pe iná, uná, bí àwọn àgbà ilẹ̀ wa ṣe ń pè é. N kò yọ ẹsẹ̀. A kọjá lára tírélà, a kọjá lára bọ́ọ̀sì tó kó èrò àti àpò ẹ̀wà. Màámi ti gbé ìwé orin kúrò lójú iná náà, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn.

Lójijì ó ké, "Ó ti kú! Ó ti kú!"

Díẹ̀ ló kù kí n tẹ búréèkì. Mo rò pé mo ti gbá èèyàn. Iná náà ló ní ó kú. Mo wò ó, lóòótọ́, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ti mọ́ kedere. Màámi pàtẹ́wọ́, ó sì ń yẹ́ ọkọ̀ náà sí bí ẹni pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ló gba àmì ẹ̀yẹ. Nígbà tí a ń padà bọ̀, òkè kan kò lè dá a dúró mọ́.

Láti ọjọ́ náà, ó di àṣà wa. Ní Sátidé, tàbí ní Sátidé kejì bí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ bá pọ̀, èmi àti màámi á jáde lọ fọ asẹ́. Ọ̀sán gangan la máa ń lọ, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ nìkan la sì máa ń gbà, nítorí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà wa láyé ìsinsìnyí, a ti gbọ́ èyí tó tó wa. Màámi ló ń pinnu ibi tí a ó dé. Bó bá ní ọsàn ń wu òun, ọsàn la ó rà bọ̀. Bó bá ní òun fẹ́ wo bí ọkà àwọn ará Ìlọfà ṣe ṣe lọ́dún yìí, a ó wò ó. Ikọ́ rẹ̀ kò lọ, àmọ́ ara rẹ̀ yá gágá, ó sì ń ka ọjọ́ sí Sátidé bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àwọn kan ń wò wá. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa yà sílé wa, òun àti ìyá tó ń ṣáájú orin. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n tún aṣọ wọn tò.

"Olùkọ́," ni olórí ẹgbẹ́ wí, "a ti ń fi ọ̀rọ̀ yín sínú àdúrà."

"Ẹ ṣé mà. Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ti ọkùnrin Òmù-Àrán tí ẹ máa ń lọ bá ní Sátidé."

Màámi, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, dá sí i láìgbé ojú sókè. "Ọkùnrin náà dára. Ó máa ń gbóná díẹ̀, àmọ́ bó bá ti gbóná tán, ara rẹ̀ á balẹ̀."

"Màámi!"

"Kí ni mo sọ tí kò rí bẹ́ẹ̀?"

Mo mú àwọn ìyá méjèèjì jáde lọ síbi ọkọ̀. Mo fi agolo irin náà hàn wọ́n, mo ṣàlàyé asẹ́, mo ṣàlàyé èérí, mo ṣàlàyé eré tí à ń sá. Olórí ẹgbẹ́ gbọ́ ọ títí dé òpin. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ìtàn ọkùnrin dùn mọ́ ọn ju ti asẹ́ lọ. Níkẹyìn ó ní, "Ọkọ̀ yín fẹ́ràn ìgbádùn. Bí àyè bá wà lẹ́yìn, kí a máa bá yín lọ." Àyè wà. Ní Sátidé mélòó kan lẹ́yìn náà, ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin kò yàtọ̀ sí fífọ asẹ́.

Ọyẹ́ dé. Koríko gbẹ, ètè là, ojú ọ̀nà pupa rúsúrúsú. Màámi ní ọ̀rẹ́ kan ní Koro. Wọ́n jọ dàgbà ni, wọ́n jọ kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà kí ọkọ tó gbé oníkálukú lọ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Fóònù ni wọ́n fi ń kíra. Nígbàkígbà tí màámi bá ní òun ń bọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ọ̀nà kò dára, pé ara òun le bí òkúta. Ní Sátidé yẹn, àwa méjì péré la jáde, màámi sì ní, "Lónìí, Koro la ó fọ asẹ́ dé. N kò ní í pè é. Bí mo bá pè é, yóò ní kí n má wá."

Nígbà tí a dé Koro, ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná ni. Mo ń gbóòórùn irin náà dáadáa. Mo ní kí a tún wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀, kí ó parí iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó dúró.

"Ẹsẹ̀ ti kú mọ́ mi lára," ni màámi wí. "Ilé rẹ̀ nìyẹn. Dúró."

Mo yà kúrò lójú ọ̀nà, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé náà, níbi tí ibòji wà. Koríko gbígbẹ ló kún ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé asẹ́ tó bá ń jó èérí lè jó ohun mìíràn. Mo mú màámi sọ̀ kalẹ̀, a ò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi gbọ́ bí nǹkan ṣe ń ta páìpáì lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà. Èéfín ń jáde lábẹ́ ọkọ̀, ìyẹn kì í ṣe láti ìdí sàlẹ́ńsà rárá. Koríko ti ń jó.

"Iná o! Iná!"

"Uná o!" màámi náà ké, ó sì dúró síbi tó wà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Láti ẹ̀yìn ilé, obìnrin àgbàlagbà kan sáré jáde pẹ̀lú ọpọ́n omi ẹ̀gẹ́ tó gbé mọ́ àyà. Ọ̀rẹ́ màámi ni. "Níbo ló wà? Níbo ló wà?"

"Ibẹ̀ yẹn, mà! Abẹ́ ọkọ̀!"

Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó gbé ọpọ́n sókè, ó sì da gbogbo omi ẹ̀gẹ́ náà lé màámi lórí.

N kò ní àyè láti wò wọ́n. Mo kó sínú ọkọ̀, mo ṣáná sí i, mo sì fi ẹ̀yìn wà á jáde dé orí ilẹ̀ gbalasa tí kò ní koríko. Àwọn aládùúgbò ti dé pẹ̀lú ẹ̀ka igi tútù àti yanrìn. Wọ́n lù ú, wọ́n bò ó, ó kú. Ibi tó jó kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Mo jókòó sórí ilẹ̀ láìwo aṣọ mi.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí màámi. Ó dúró gbọnrangandan, ẹ̀gẹ́ tó ti rọ̀ ń já bọ́ láti orí gèlè rẹ̀ sí èjìká. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọpọ́n òfìfo, ó dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó ń fi etí wo nǹkan.

"Ta ni mo da omi lù?"

"Èmi ni."

Ọpọ́n náà bọ́. "Ọ̀rẹ́ mi! Ohùn rẹ nìyẹn! Ìgbà wo lo dé?"

Ẹ̀rín ti fẹ́ mú gbogbo wa, àmọ́ màámi kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn súnmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè níwájú ojú rẹ̀, ó jù ú síhìn-ín, ó jù ú sọ́hùn-ún. Ẹyin ojú náà kò tẹ̀lé e.

"O ò ríran," ni màámi wí jẹ́jẹ́.

"Mò ń rí òjìji."

"Láti ìgbà wo?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nawọ́ wá ògiri, ó sì jókòó sórí pèpéle. Ó ní òun mọ ilé òun láìwò ó. Ẹsẹ̀ òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ òun mọ ibi tí iyọ̀ wà. Ó ní bí òun bá sọ fún àwọn ọmọ òun, wọn yóò ní kí òun wá máa gbé Àbújá. "Kí ni n ó máa ṣe ní Àbújá? Kí n máa jókòó sínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí n máa gbọ́ tẹlifíṣọ̀n tí n kò rí?"

Màámi jókòó tì í, bó ṣe tutù rin yẹn. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni màámi pè mí.

"Ilé ìwòsàn ojú, níbo ló wà?"

"Ó wà ní Ìlọrin, màámi."

"Ó jìn?"

"Ó jìn dáadáa."

"Ó dára. Ọkọ̀ yìí á gbádùn."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan ojú òun. Màámi fún aṣọ rẹ̀, omi dà sílẹ̀ ṣààràrà. Ó ní, "Èmi tí o fi omi ẹ̀gẹ́ wẹ̀ lójú gbogbo ará Koro, o kò lè kọ̀ fún mi." Ó gba fóònù, ó pe ọmọkùnrin ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àbújá, ó sì sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún un, iná, omi àti gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà sunkún lórí fóònù. Ó ní kí a máa gbé e lọ, òun yóò wá bá wa ní Ìlọrin.

Kí a tó lọ, mẹkáníìkì yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò. Súfèé dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Irin pẹlẹbẹ kan wà tó yẹ kí ó bo agolo asẹ́ lábẹ́, kí gbígbóná rẹ̀ má baà kan ilẹ̀. Ó ti já dànù, bóyá kòtò kan ló gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀. Ó wá òmíràn, ó dè é mọ́ ọn dáadáa, ó sì bá mi wí pé kí n má tún gbé ọkọ̀ yìí dúró sórí koríko gbígbẹ mọ́ láéláé. Mo búra fún un. Òun náà jẹ́wọ́ pé òun ti gé asẹ́ tó pọ̀ sọnù, pé láti ìsinsìnyí òun yóò máa kọ́kọ́ bèèrè bí ẹni náà ṣe ń wa ọkọ̀ rẹ̀.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù la gbéra lọ sí Ìlọrin. Àwọn ìyá méjèèjì wà lẹ́yìn, wọ́n fi ìborùn kan bo ẹsẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ geere, iná kankan kò yọ. Màámi ń sọ ohun gbogbo tó ń rí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀: iléepo nìyí, ìyá kan tó ń sá láfún sí ẹ̀gbẹ́ títì nìyẹn, ọmọ kan ń fi alùpùpù gbé tábìlì. Ó ń fi kún un nígbà mìíràn. Mo gbọ́ tí ó ní òun rí àgbọ̀nrín, n kò sì rí àgbọ̀nrín kankan.

Dókítà wo ojú náà, ó ní ohun funfun kan ló bo ẹyin ojú méjèèjì, pé ọjọ́ ogbó ló ń fà á, pé wọ́n lè yọ ọ́. Ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ọmọ rẹ̀ ti dé láti Àbújá, ó sùn sórí àga ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan wá ṣí ohun tí wọ́n fi bo ojú náà. Ìyá náà ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ó wo fèrèsé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló wo màámi, ó wò ó pẹ́, ó ń ti orí bọ̀ sí ẹsẹ̀.

"Háà," ó wí. "Ṣé bí o ṣe wá gbó tó nìyí?"

"Ẹ bá mi wá dígí fún un," ni màámi dáhùn. "Kíákíá."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Èmi ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú mi, n kò tiẹ̀ mọ èyí tí mò ń ṣe nínú méjèèjì.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, tí ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀rẹ́ màámi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Gbogbo pátákó tó wà lójú ọ̀nà ló ń kà sókè: ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé ẹ̀kọ́, ti ẹni tó ń ta kẹ́míkà oko. Bí a bá ti ń sáré jù fún un láti kà tán, á ní kí n rọra, màámi á sì ní kí n má rọra, pé asẹ́ ń ṣiṣẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe jà dé Koro.

A mú un sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti bá a kun ilé náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìyá náà sì ti dúpẹ́ lórí fóònù láìmọye ìgbà pé ọ̀dà náà dára púpọ̀. Ó dúró, ó wo ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Àwọ̀ pínkì ni, pínkì tó mọ́lẹ̀ yòò.

"Ta ló ba ilé mi jẹ́ báyìí?" ó bèèrè.

Ọmọ rẹ̀ wolẹ̀. Màámi ní, "Wọlé ná, kí o lọ wo inú rẹ̀," ó sì ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ ọ́ tán.